Wọ́n wá irin lójú ọ̀run, wọn ò rí i: ẹ má pè é lófo

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. N kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ra tiyín lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ kan lẹ́bàá Ọjà Ọba nílùú Òṣogbo níbí, bí mo bá sì ti kà á tán, ìyàwó mi á gbà á, á fi di ẹ̀pà tó ń tà. Èyí tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tíì di ti ẹlẹ́pà. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi pamọ́ sí, nítorí ohun tí ẹni tó ń kọ ojú ewé sáyẹ́ǹsì yín kọ síbẹ̀ kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ó ní àlàfo tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ṣófo bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, pé òtútù nìkan ló kún ibẹ̀. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan lọ sókè lọ́dún 2003 láti wá gáàsì gbígbóná, ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi wá a, òfo ni wọ́n mú bọ̀. Ó wá fi ẹ̀fẹ̀ parí ọ̀rọ̀ pé ẹni tó bá lówó tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe, kó gbé e wá ká fi ṣe títì. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí kòtò tó wà lójú títì àdúgbò tiwa nìkan tó gbé ẹ̀rọ náà mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi.

Wẹ́dà ni mí kí n tó di tíṣà. Ọdún 1981 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìlobùú, mo lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ẹ̀ kí n tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo padà sílé ìwé, mo kọ́ físíìsì, mo sì fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ girama kí n tó fẹ̀yìntì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá lọ jẹun. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan bá gbé géètì kan kalẹ̀, a ní ká jó o pọ̀ kí ọ̀gá lè bá a ní píparí. Ìbojú kan ṣoṣo ló wà, òun ló lò ó. Èmi di irin mú fún un, mo tẹjú mọ́ iná náà, nítorí ó wù mí í wò. Kò sí ohun tó ṣe mí lọ́sàn-án. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, àfi bíi pé wọ́n po yanrìn mọ́ ata, wọ́n dà á sínú ẹyinjú mi méjèèjì. Omi ń ṣàn, n kò lè lajú. Ìyá mi ní Àpólò ni. Ó lọ bá ìyálọ́mọ kan nínú agbo ilé wa, ó gba omi ọmú bọ̀ nínú ṣíbí, ó kán an sí mi lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá mi dé, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Àpólò kọ́. Èyí tí o rí nínú iná yẹn kọ́ ló ṣe ọ́. Èyí tí o kò rí nínú ẹ̀ ló jó ọ lójú.”

Pírámárì kẹfà ni ọ̀gá mi ka ìwé dé, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó tún sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí. Irin tó bá wọ iná á kọ́kọ́ pọ́n bí ata, á wá dà bí ọsàn tó pọ́n, bó bá tún gbóná sí i, á funfun. Bí ooru ti ń gòkè ni ìmọ́lẹ̀ ń kúrò lọ́wọ́ pupa, tó ń rìn lọ sọ́wọ́ àwọ̀ àlùkò. Iná wẹ́dà gbóná ju gbogbo ìyẹn lọ, nítorí náà apá kan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ti ré kọjá àlùkò. Èyí tó ré kọjá yẹn ni wọ́n ń pè ní ultraviolet. Ojú kò rí i, òun ló rí ojú.

Ní ti Àpólò, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sí ojú pípọ́n. Àrùn náà jà ní Gánà lọ́dún 1969, lọ́dún tí ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, orúkọ ọkọ̀ náà ni àwọn èèyàn fi pè é, ó sì bá a dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Kí n tó dé orí ẹ̀rọ ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí òtútù tí òǹkọ̀wé yín sọ, nítorí kò jìnnà sí òótọ́. Gáàsì wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Ibì kan wà tó tutù rinrin, ibòmíràn wà tí gáàsì ibẹ̀ gbóná dé mílíọ̀nù dìgírì kan. Síbẹ̀ ẹni tí ẹ bá gbé sáàárín ti mílíọ̀nù dìgírì yẹn kò ní rí iná kankan yá. Bí mo bá sọ èyí ní kíláàsì, àwọn ọmọ á ní tíṣà ti mutí. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó ti gíráńdà rí kò ní jiyàn. Ẹ̀ta iná tó ń fò jáde lára irin gbóná ju ẹgbẹ̀rún dìgírì lọ, ó ń bà wá lápá láti àárọ̀ dalẹ́, kì í bó wa. Omi híhó, ọgọ́rùn-ún dìgírì péré ni, bó bá dà sí yín lápá, ọsibítù ni. Ẹ̀ta iná gbóná, ṣùgbọ́n ó kéré jù láti gbé ooru tó lè pa èèyàn lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì yìí. Nínú àlàfo tó tó kóró ṣúgà kan níbẹ̀, átọ́ọ̀mù kan kì í pé. Kóòkan tó wà níbẹ̀ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó láti gbóná fún ẹnikẹ́ni.

Báwo wá ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó wà? Lyman Spitzer, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ló fọwọ́ sọ̀yà lọ́dún 1956 pé ó gbọ́dọ̀ wà. Kò rí i o. Ohun tí wọ́n rí ni ìkúùkù gáàsì tútù lókè réré, jìnnà sí ibi tí àwọn ìràwọ̀ agbo tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ sí. Ó bi ara ẹ̀ pé kí ló dé tí ìkúùkù wọ̀nyí kò tú ká bí èéfín sìgá. Ó ní nǹkan kan ló ń fún wọn mọ́ra láti ìta, gáàsì fẹ́ẹ́rẹ́ tó gbóná gan-an sì ni nǹkan ọ̀hún. Ọdún kẹrìndínlógún lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹjọ 1972, wọ́n gbé sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ Copernicus lọ sókè. Princeton, níbi tí Spitzer ti ń kọ́ni, ló ni ẹ̀rọ ultraviolet tó wà nínú ẹ̀. Ó wo ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ gbígbóná, ó sì rí i pé nǹkan ti bu díẹ̀ jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ náà lójú ọ̀nà. Ọ́síjìn ló bù ú jẹ, ọ́síjìn tí ooru ti já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn kóró tíntìntín tó yí àárín átọ́ọ̀mù ká, márùn-ún gbà mọ́ lọ́wọ́ nínú mẹ́jọ tó ní. Ọ́síjìn kì í bọ́ra sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ àfi níbi tí ooru bá ti tó nǹkan bí 300,000 dìgírì.

Òjìji nìyẹn ṣì jẹ́. Bí èéfín bá gba iwájú àtùpà kọjá, ẹ ó mọ̀ pé èéfín wà. Ẹ kò tíì rí ẹyin iná tó ń rú èéfín. Láti rí gáàsì náà fúnra ẹ̀ kó máa tàn nínú òkùnkùn, láìsí àtùpà kankan lẹ́yìn ẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ni, òun sì ni iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé yín ń fi ṣẹ̀sín.

Ìdí tó fi le rèé. Ọlọ́run fi afẹ́fẹ́ bò wá lórí, ọ́síjìn àti ósóònù inú ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ultraviolet irú èyí dé ilẹ̀. Ọpẹ́ ni fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo wa ni à bá máa jí lóru bí èmi ní 1981. Àfi kéèyàn gbé ẹ̀rọ ẹ̀ gorí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá sì dé òkè tán, wàhálà kò tíì parí. Ibi tí mo ti ní mò ń padà bọ̀ sórí Àpólò nìyí. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan, George Carruthers, ọmọ Ohio, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ló ṣe kámẹ́rà ultraviolet tí Apollo 16 gbé lọ sórí òṣùpá ní oṣù kẹrin 1972. Wọ́n fi góòlù bo ara ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ojú ẹ̀ sí ilé ayé, àwòrán tó yà fi hàn pé háídírójìn tó yí ayé wa ká ń tàn yòò, bí ẹni pé ilé ayé wé gèlè ìmọ́lẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán náà nínú ìwé. Àpólò tiwa ń pa èèyàn lójú dé, Àpólò tiwọn lọ gbé ojú tó ń rí ultraviolet kalẹ̀ sórí òṣùpá, ọmọ dúdú ló sì ṣe ojú ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tó ń wá gáàsì: nǹkan tó ń wá kò mọ́lẹ̀ ju tanátaná lọ, ìmọ́lẹ̀ háídírójìn ilé ayé yìí sì dà bí àtùpà gáàsì lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò lè pa.

Síbẹ̀ wọ́n rí i. Ní oṣù kìíní 1986, ọkọ̀ Columbia gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n tì sínú agolo ńlá lọ sókè, ó sì padà wálẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá péré kí Challenger, ọkọ̀ bíi tiẹ̀, tó bú gbàmù lójú gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Christopher Martin àti Stuart Bowyer, tú ohun tó kó bọ̀ wò, ọdún 1990 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé kábọ́ọ̀nù inú gáàsì gbígbóná láàárín àwọn ìràwọ̀ ń tàn, gáàsì tó tó nǹkan bí 100,000 dìgírì. Sátẹ́láìtì FUSE, tó ṣiṣẹ́ láti 1999 títí dé 2007, rí ọ́síjìn tó bọ́ra sílẹ̀ yẹn náà tó ń tàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní wọn kò rí nǹkan kan, ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Bowyer yìí ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wọn ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu lórí ultraviolet tó jìnnà jù sí àlùkò, pé háídírójìn tó wà lójú ọ̀nà yóò gbé e mì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún 1975, nígbà tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà lọ pàdé Soyuz ti Rọ́ṣíà lókè, ẹ̀rọ ẹ̀ rí ìràwọ̀ kékeré kan, HZ 43, tó ń tàn nínú ìmọ́lẹ̀ náà gan-an. Ọkọ̀ Apollo ló tún gbé e lọ, ẹ ṣàkíyèsí.

Ó wá ku ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó mú òfo bọ̀. CHIPS lorúkọ ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Berkeley ló ṣe é, Mark Hurwitz ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní 2003 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e kúrò ní Vandenberg ní Califọ́níà, ó sì jẹ́ pé sátẹ́láìtì mìíràn tó tóbi jù ú lọ ló bá wọkọ̀. Nǹkan bí 60 kìlógíráàmù ni, kò wúwo tó èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí. Ohun tó lọ wá ni èyí: oòrùn wa àti gbogbo ìdílé ẹ̀ wà nínú ihò ńlá kan, ihò tí fífẹ̀ ẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún láti là kọjá. Àwọn ìràwọ̀ ńlá tó bú gbàmù ló gbẹ́ ẹ, bíi mílíọ̀nù ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń rí X-ray, ìmọ́lẹ̀ tó tún ré kọjá ultraviolet, ti rí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kún gbogbo ojú ọ̀run, wọ́n sì gbà pé gáàsì mílíọ̀nù dìgírì tó kún inú ihò náà ló ń mú un wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, irin tó wà nínú gáàsì náà, irin tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ní, gbọ́dọ̀ máa tàn níbi kan pàtó nínú ultraviolet.

Irin, Olóòtú! Irin ni wọ́n gbéra lọ wá. Èmi tí a máa ń bọ Ògún ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún kí n tó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí mo kà á, mo dìde dúró.

CHIPS wo ojú ọ̀run láti ibì kan dé ibì kejì. Ibi tí irin yẹ kó ti tàn, ó ṣókùnkùn, bí nǹkan bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, kò tó ìdá díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n retí. Hurwitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2005, wọn kò bu iyọ̀ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n yí ẹ̀rọ náà sí wíwo oòrùn, wọ́n sì pa á lọ́dún 2008. Fún ìdí yìí, ọdún márùn-ún tí òǹkọ̀wé yín kà, kì í ṣe gáàsì ni wọ́n fi gbogbo ẹ̀ wá.

Ṣé òfo wá nìyẹn? Bí ọ̀gá mi bá rán mi lọ sọ́jà Ìgbọ̀nà pé kí n wá irú irin kan, tí mo wọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí mo padà wá sọ pé kò sí, mo jẹ́ iṣẹ́. Ọ̀gá á mọ̀ pé kó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Bí mo bá lọ jókòó sídìí ayò, tí mo wá padà wá sọ pé kò sí, ìyẹn ni òfo. Ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. CHIPS wọ ìsọ̀. Ó tilẹ̀ sọ iye: bí ìmọ́lẹ̀ náà bá wà rárá, kò lè ju báyìí lọ. Ìyẹn sì ká àwọn tó ti fọkàn balẹ̀ lọ́wọ́ kò. Àwọn kan ní bóyá irin náà kò sí nínú gáàsì, ó ti dì mọ́ eruku. Àwọn mìíràn wá yíjú sí X-ray yẹn fúnra ẹ̀, wọ́n ní ṣé ibi tí a rò ló ti ń wá?

Ẹ ronú ẹni tó ń gbóòórùn èéfín tó sì ń bínú sí ará ilé kejì, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀wà tiẹ̀ ló ń jóná. Oòrùn wa ń fẹ́ atẹ́gùn kan jáde ní gbogbo ìgbà, átọ́ọ̀mù tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló kún inú ẹ̀. Bí ìwọ̀nyí bá pàdé háídírójìn àti hílíọ̀mù tó ń ṣàn wọ inú àgbàlá wa láti ìta, wọ́n á já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ wọn, ìjàgbà yẹn a sì máa mú X-ray jáde. Ní oṣù kejìlá 2012, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n yìn ní New Mexico, tí kò lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lókè, wọn èyí wò. Nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún lápá ibi tó wò ló jẹ́ èéfín ilé wa. Ìyókù ni ti gáàsì inú ihò. Gáàsì gbígbóná náà wà, ó kàn jẹ́ pé wọ́n ti ka owó ẹlòmíràn mọ́ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí CHIPS bá ti purọ́ pé òun rí irin, ta ni yóò tún ìṣirò náà ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Lọ́dún 1997, mo ń ṣe prátíkà pẹ̀lú kíláàsì kan. Mo pín lẹ́ǹsì fún wọn, mo ní kí wọ́n wá ibi tí àwòrán iná àbẹ́là yóò ti hàn ketekete lórí pépà funfun. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé òun sún pépà náà láti 5 sẹ̀ǹtímítà títí dé 80, kò hàn. Àwọn yòókù kọ nọ́ńbà tó gún régé, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé inú ìwé àwọn tó ṣáájú wọn ni ọ̀pọ̀ ti rí i. Mo fún àwọn ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, mo fún un ní méjì, mo tún bú u pé ọ̀lẹ ni. Ìgbà tí mò ń kó nǹkan pamọ́ lálẹ́ ni mo fọwọ́ kan lẹ́ǹsì tiẹ̀. Ó tẹ̀ wọnú. Ẹnì kan ti dà á pọ̀ mọ́ àwọn tó yọ ikùn síta. Lẹ́ǹsì tó tẹ̀ wọnú kì í gbé àwòrán sórí pépà, ìbáà jẹ́ 80 ìbáà jẹ́ 8,000. Nínú ogójì ọmọ, òun nìkan ló wo ohun tó wà níwájú ẹ̀. Ìwé àbájáde ti lọ sílé nígbà náà, wọ́n sì mú ọmọ náà kúrò níléèwé wa ní táàmù tó tẹ̀ lé e. Méjì nínú mẹ́wàá yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí mò ń tọrọ kò pọ̀, Olóòtú: ìlà méjì péré lójú ewé sáyẹ́ǹsì, pé gáàsì gbígbóná wà láàárín àwọn ìràwọ̀, wọ́n sì ti rí i tó ń tàn, àti pé CHIPS kò mú òfo bọ̀. Kí òǹkọ̀wé yín má bínú sí mi, ojú ewé tiẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bí lẹ́tà yìí bá gùn jù, ẹ gé ti Spitzer, kí ẹ sì gé ti Ògún pẹ̀lú, pásítọ̀ mi máa ń ka ìwé ìròyìn yín. Ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ gé ni èyí tó kù yìí. Lẹ́yìn ilé mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì kan ń fi jígí oòrùn orí kẹ̀kẹ́ ọlọ́jà jó irin. Jígí yẹn kò tó nǹkan kan níwájú iná wẹ́dà. Gíláàsì nọ́ńbà 10 sí 12, nínú ìbojú tó bo gbogbo ojú, ni kí wọ́n lò. Mo ra méjì fún wọn lọ́jọ́ Ajé. Èyí àbúrò nínú wọn ní ó dúdú jù, òun kò rí nǹkan kan nínú ẹ̀ àfi ibi tí iná bá wà. Mo ní kó máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Wẹ́dà-di-Tíṣà,
Òṣogbo.